Oòrùn kì í gbowó, àmọ́ methanol rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé níwọ̀n bí oòrùn àti atẹ́gùn kò ti gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, methanol, irú epo olómi kan tí wọ́n ń fi iná wọn ṣe fún ọkọ̀ òkun, ti pọ̀kú ju díísù lọ. Irọ́ ni.

Iná gan-an ló ń jẹ owó. Tọ́ọ̀nù methanol kan ń gba nǹkan bíi 190 kílò gáàsì háídírójìn. Inú omi ni wọ́n ti ń fi iná yọ háídírójìn ọ̀hún, kílò kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ yúnítì 50 sí 55, irú yúnítì tí à ń rà sínú mítà. Ẹ ṣírò ó: ó tó 10,000 yúnítì. Bí yúnítì kan bá jẹ́ sẹ́ǹtì 5 owó Amẹ́ríkà péré, 500 dọ́là ti wọlé sórí iná nìkan. A ò tíì dé orí ẹ̀rọ, gáàsì carbon dioxide tí wọ́n ń pò mọ́ háídírójìn láti fi ṣe methanol, àti èlé báńkì.

Àwọn tó ń pín in kì í sì í sọ pé agbára inú tọ́ọ̀nù methanol kan kò ju nǹkan bí ìdajì ti díísù lọ. Tọ́ọ̀nù méjì ni ọkọ̀ máa jó níbi tí ẹyọ kan ì bá ti tó o.

Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ Kassø ní Denmark bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2025, ó lè ṣe tọ́ọ̀nù 42,000 irú methanol yìí lọ́dún, Maersk, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ńlá, sì wà lára oníbàárà rẹ̀. Àmọ́ ní Sweden, ilé iṣẹ́ iná Ørsted pa FlagshipONE, ilé iṣẹ́ methanol tó ń kọ́, tì ní 2024 lẹ́yìn tí ìkọ́lé ti bẹ̀rẹ̀: owó iṣẹ́ ń ga sí i, wọn ò sì rí oníbàárà tó máa tọwọ́ bọ àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní iye tó lè gbé e.