Aṣọ Ẹbí Ti Dé, Ó Ku Físà

Dubai ti di ti gbogbo ayé. Alájàpá ti lọ, ọmọ rẹ̀ ti lọ, ẹni tó ń bá wọn gbé ẹrù náà ti ya fọ́tò lórí ràkúnmí. London kò jọni lójú mọ́, nítorí kò sí agbolé tí kò ní àbúrò kan níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ibi tó kù tí èèyàn lè dárúkọ níbi ìnáwó, kí àwọn tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín dá ọwọ́ dúró, ni Japan àti Kòríà. Méjèèjì pa pọ̀ ni o, bí ìrẹsì àti dòdò. Ẹni tó bá ní Japan nìkan lòun ń lọ, wọ́n á bi í pé ṣé owó ni kò tó.

Báyìí ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á wo fídíò lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, á rí òdòdó ṣẹ́rí tó ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lé àwọn olólùfẹ́ méjì lórí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹgbẹ́ ti wà lórí WhatsApp, èèyàn 14 ti wà nínú rẹ̀, alága ti jẹ, akápò ti jẹ. "Mo wà ńbẹ̀!" "Èmi náà wà ńbẹ̀!" "Ẹ kọ orúkọ tèmi àti ti ọkọ mi!" Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, àfi lọ́jọ́ tí akápò bá fi nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni dátà èèyàn 9 máa ń tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣé àdìrẹ Abẹ́òkúta la máa wọ̀ ní Shibuya, àdúgbò ńlá kan ní Tokyo, àbí aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn? Àwọ̀ wo ló máa bá òdòdó mu? Ṣé gèlè á gba ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kọjá? Télọ̀ ti gba àsansílẹ̀, wọ́n ti wọn àyà gbogbo èèyàn. Físà wà ní nọ́ńbà kẹsàn-án lórí ètò ìpàdé, lábẹ́ "ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá yọjú".

Ó sì máa ń yọjú. Ẹni tó bá mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ gba físà Japan, kó tún gba ti Kòríà, Abuja ni ilé iṣẹ́ aṣojú méjèèjì sì wà. Ìwé ìrìnnà kan ò lè sùn sílé méjì lóru kan ṣoṣo, torí náà èèyàn á parí ọ̀kan kó tó gbé èkejì wọlé. Ẹni tó bá tara jù tún ní ìyà tirẹ̀: físà Japan oníwọlé ẹ̀ẹ̀kan kì í lò ju oṣù 3 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi sínú ìwé. Ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni òdòdó ṣẹ́rí ń tanná ní Tokyo, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ló sì ń fi dára kí òjò tó gbá a lọ. Ẹni tí wọ́n fún ní físà kété lẹ́yìn ọdún tuntun, orí tẹlifíṣọ̀n ni yóò ti wo òdòdó ọ̀hún bó bá pẹ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹgbẹ́ ti ń fẹsẹ̀ kọ gan-an kò sí nínú ọjọ́. Inú tíkẹ́ẹ̀tì ló wà. Akápò á rí bàálù olówó pọ́ọ́kú: Lagos sí Tokyo, Tokyo sí Lagos, kí wọ́n fi Addis Ababa tàbí Doha ṣe ibùdó. Seoul ńkọ́? "Wákàtí méjì àtààbọ̀ péré ni láti Tokyo. A ó sáré lọ, a ó sáré bọ̀." Ẹgbẹ́ á pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa bi físà léèrè. Físà oníwọlé ẹ̀ẹ̀kan dà bíi tíkẹ́ẹ̀tì sinimá tí wọ́n ti fà ya lẹ́nu ọ̀nà: bí o bá jáde lọ ra ẹ̀pà, o ti jáde nìyẹn. Ẹni tó bá ti kúrò ní Japan lọ sí Seoul kò ní ohun tó máa fi padà wọ Tokyo mọ́, àní bó bá jẹ́ pé bàálù tó ń gbé e relé nìkan ló fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ jẹ́ méjì. Kó béèrè fún físà oníwọlé ẹ̀ẹ̀mejì láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ kí ètò ìrìn àjò rẹ̀ fi ìdí rẹ̀ hàn. Tàbí kó gba Tokyo wọlé, kó gba Seoul jáde, kó má ṣe wẹ̀yìn. Tíkẹ́ẹ̀tì èkejì yìí lè wọ́n díẹ̀ sí i. Iye tó fi wọ́n sí i náà ni akápò fi ra fìlà fún gbogbo ẹgbẹ́.

Nínú gbogbo èyí, ọmọ London tó wà nínú ẹgbẹ́ á máa sọ pé, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, kò le tó bẹ́ẹ̀ o! Èmi ò gba físà kankan." Òótọ́ ló sọ. Ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó ló mú dání, Japan á fún un ní ọjọ́ 90 lẹ́nu ibodè. Òun náà ni wọ́n fi ṣe agbaninímọ̀ràn lórí físà.

Ẹ jẹ́ ká wo ètò ìrìn àjò náà. Japan fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ wo, ìlú wo, ilé ìtura wo. Ọjọ́ kẹta nínú ètò alága rèé: òwúrọ̀, òkè Fuji, ọ̀sán, Kyoto, ìrọ̀lẹ́, Osaka, alẹ́, ká padà sí Tokyo wá sùn. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré jù ń lo wákàtí méjì ó lé díẹ̀ láti Tokyo sí Kyoto, lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Òkè Fuji ní tirẹ̀ kì í ṣe Olúmọ tó ń dúró de àlejò. Ó lè fi ìkùukùu bojú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Òwúrọ̀ ìgbà òtútù ló máa ń ṣí ojú dáadáa, ìgbà tí ẹgbẹ́ ti sọ pé àwọn ò lè lọ torí pé kóòtù á bo aṣọ ẹbí. Wọ́n tún kọ Ilé Ghibli, ilé ìṣàfihàn àwọn tó ń ṣe fíìmù àwòrán, tó wà ní Mitaka síbẹ̀, wọ́n ní àwọn á ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kì í tà á lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ kẹwàá oṣù ni wọ́n ń ta ti oṣù tó ń bọ̀, láago 10 àárọ̀ Japan, ìyẹn aago 2 òru ní Lagos. Ẹni tí wọ́n yàn pé kó jí rà á ni ẹni tó máa ń pẹ́ dé ìpàdé aago 4 ìrọ̀lẹ́.

Àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ tó ń tẹnu mọ́ JR Pass, ìwé ìwọkọ̀ ojú irin tí àlejò ń rà fún iye ọjọ́ kan ní Japan. Ọdún 2019 ló kà nípa rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ digbí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ti ọjọ́ 7 fò láti 29,650 yen sí 50,000. Àlọ àti àbọ̀ Tokyo sí Kyoto kò ju nǹkan bí 28,000 lọ. Ẹni tí kò bá rìn ju ìyẹn, tó sì lọ ra JR Pass, ó fi owó màlúù ra ewúrẹ́ ni, yóò sì tún san àfikún bó bá fẹ́ wọ Nozomi, ọkọ̀ ojú irin tó yá jù.

Ó kan ẹrù, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn. Àpótí mẹ́ta mẹ́ta ni, nítorí aṣọ. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga, kí ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: bó bá ju sẹ̀ǹtímítà 160 lọ, lórí ọkọ̀ ojú irin Tokyo sí Kyoto, àfi kí ẹ ti gba ìjókòó tó ní àyè ẹrù lẹ́yìn. Ìjókòó yẹn kò gba owó lé e. Ẹni tí kò gbà á ló máa san 1,000 yen. Àpótí ńlá tí wọ́n kọ 158 sí lára máa ń kọjá 160 lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí síìpù àfikún rẹ̀ torí bàtà kẹrin. Àwọn ará ibẹ̀ kì í bá ẹrù jìjàdù. Wọ́n ń fi í sílẹ̀ níbi ìgbàlejò ilé ìtura fún àwọn tó ń kó ẹrù ránṣẹ́, á sì sábà bá wọn ní ìlú kejì lọ́jọ́ kejì. Báàgì kékeré tí wọ́n á fi sùn mọ́jú nìkan ni wọ́n ń gbé dání. Àwọn ẹgbẹ́ tiwa kì í fẹ́ kí ẹrù wọn kúrò lójú wọn. Ẹ má sì retí pé yàrá á gbà á: nínú ọ̀pọ̀ ilé ìtura Tokyo, bẹ́ẹ̀dì, tábìlì àti ẹsẹ̀ méjì èèyàn ni àyè wà fún. Ẹni tó bá ṣí àpótí sílẹ̀ á fò ó kọjá kó tó dé balùwẹ̀. Ká fún ẹnì kẹrin mọ́ yàrá náà kò ṣeé ṣe, nítorí orí èèyàn ni wọ́n sábà ń kà gba owó.

Kí ló wà nínú àpótí ọ̀hún? Boiling ring àti áyọ́ọ̀nù. Iná Japan jẹ́ fóltì 100, ihò rẹ̀ ń fẹ́ ẹnu pẹlẹbẹ méjì. Ti Kòríà jẹ́ 220, ẹnu roboto méjì ló ń gbà. Ẹlẹ́nu mẹ́ta tiwa kò bá èyíkéyìí mu, nítorí náà adápítọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ṣájà fóònù kò ní wàhálà, ó ń gba 100 dé 240. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún 230, bí wọ́n bá kì í bọ 100, ooru rẹ̀ kò ní tó ìdá kan nínú márùn-ún. Aṣọ ẹbí tó bá rún ní Narita, pápákọ̀ òfurufú Tokyo, á rún dé Osaka.

Kílíṣí náà wà níbẹ̀, Màmá ẹnì kan ti fi nylon dì í lọ́nà mẹ́ta. Ajá kékeré kan ń rìn lẹ́bàá àwọn ẹrù ní Narita, nylon mẹ́ta kò já mọ́ nǹkan kan lójú imú rẹ̀. Ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, sọ́séèjì, gbogbo rẹ̀ ni Japan kò gbà wọlé láìní ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú tó ti wá. Ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 3 yen, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ní Kòríà, ẹni tó bá fi í pa mọ́ lè san tó mílíọ̀nù 10 won. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí òògùn òtútù yín náà: bí pseudoephedrine inú rẹ̀ bá ju ìdá 10 nínú 100, ẹ fi sílé.

Ká ní ẹgbẹ́ ti dé wàyí. Èèyàn 14 ti di 5. Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn nínú ọkọ̀ ojú irin Yamanote ní Tokyo, láago mẹ́jọ àárọ̀. Ọkọ̀ kún fọ́fọ́, ẹ lè gbọ́ kí ẹnì kan gbé itọ́ mì. Ó gbé fóònù sókè: "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ń gbọ́ mi? Mo ní TOKYO! T'ó-k'yó! Ẹ wò wọ́n, ẹ wò wọ́n!" Ó ń yí kámẹ́rà kiri. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ó rò pé ìtẹríba ni.

Fọ́tò la sáà bá wá. Ìlú Fujikawaguchiko ti rí irú wọn rí: ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó na aṣọ dúdú tó ga ní mítà 2.5, tó gùn ní mítà 20, sí òdì kejì ṣọ́ọ̀bù Lawson kan, kí àwọn arìnrìn-àjò má baà máa dúró sójú títì ya Fuji tó yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní Gion, ní Kyoto, 10,000 yen ni ìtanràn fún ẹni tó bá wọ ọ̀nà àdáni. Bukchon ní Seoul, àwọn ilé àtijọ́ tí gbogbo wọn fi sórí ètò fún aago 6 ìrọ̀lẹ́ "torí oòrùn wíwọ̀", aago 5 ni wọ́n ti ń lé àlejò kúrò ní apá tí èèyàn ń fẹ́ jù. Ní ààfin Gyeongbokgung, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá wọ hanbok, aṣọ ìbílẹ̀ Kòríà. Ẹni tó bá wọ aṣọ òkè á san 3,000 won rẹ̀ bí gbogbo ayé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń tì í.

Oúnjẹ kò le tó bẹ́ẹ̀, bí wọn kò bá fi dandan lé e pé àwọn márààrún gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rámẹ̀n, núdù olómi ọbẹ̀, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ènì. Bí ẹ bá wọ ilé ọtí Japan, wọ́n á gbé àwo kékeré kan wá tí ẹ kò béèrè. Owó rẹ̀ wà nínú bíìlì. Ní Seoul, àwo kéékèèké mẹ́fà tó yí ẹran ká, ènì gidi nìyẹn, bó bá tán wọ́n á bù sí i. Àwọn tiwa máa ń fọwọ́ ti ti Seoul sẹ́yìn pé àwọn kò béèrè, wọ́n sì ti jẹ ti Tokyo tán. Owó náà tún rí bẹ́ẹ̀: 500 yen, owó irin ni. Ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ láti kékeré máa ń da irú owó irin bẹ́ẹ̀ sísàlẹ̀ báàgì pé ṣéńjì ni, á sì lọ máa wá ibi tó ti lè yá owó.

Ọjọ́ ìkẹyìn pé, wọ́n wà ní Incheon, pápákọ̀ òfurufú Seoul, bàálù Tokyo fẹ́ẹ́ gbéra. Ọmọ London kọjá. Àwọn méjì tó gba oníwọlé ẹ̀ẹ̀mejì kọjá. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ṣí ìwé ìrìnnà akápò, ó wo físà, ó wo òǹtẹ̀, ó tún wo físà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un, ó tẹrí ba dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún alága. Wákàtí kan lẹ́yìn ìgbà náà, fọ́tò tuntun jáde: àwọn méjèèjì nínú aṣọ òkè, gèlè gún régé, pátákó Incheon lẹ́yìn wọn. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Seoul dùn jù, a ti pinnu láti fi ọjọ́ díẹ̀ kún un."