Ọmọ tó ń ṣeré, ara lè máa ro ó

"Bí ara bá ń ro ó lóòótọ́, ṣé á lè máa wo fóònù?" Òbí ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn sẹ́ẹ̀lì dòjé (sickle cell), wo ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Ìyá ọkọ á sọ ọ́, tíṣà á sọ ọ́, nọ́ọ̀sì míì náà ò ní gbẹ́yìn. Wọ́n á ní ọmọ ń dọ́gbọ́n, kò fẹ́ lọ iléèwé ni, àkẹ́bàjẹ́ ni. Irọ́ gbáà ni, ọmọ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ wo ọmọ ọdún 8 tí egungun ń ro lórí bẹ́ẹ̀dì. Kàtúùnù ń lọ lórí fóònù ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má wo ojú nìkan o, ẹ wo ẹsẹ̀. Látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé, ẹsẹ̀ òsì kò kúrò lójú kan. Ọwọ́ kan di etí aṣọ ìbora mú gírígírí. Kí ẹnì kan ṣèèṣì fara gbá bẹ́ẹ̀dì báyìí, ẹ̀rín á pòórá, ọmọ á sé èémí. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún yíjú sí kàtúùnù. Eré yẹn gan-an ló fi ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, torí ìrora a máa dín kù bí ọkàn bá kúrò níbẹ̀. Àwọn dókítà ọmọdé náà ń fi ìtàn àti eré kún ìtọ́jú. Oorun ńkọ́? Ìrora a máa tán ọmọ lókun títí á fi sùn lọ.

Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS, sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí roboto, kó sì rọ̀, ló ń tẹ̀ bíi dòjé, tó ń le, tó ń dí àwọn iṣan kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, tí ọ́síjìn kò fi ní dé inú egungun. Láti 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, ti kọ nípa sẹ́ẹ̀lì yìí. Síbẹ̀, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí X-ray tó lè sọ bí ìrora ṣe pọ̀ tó. Ẹnu ọmọ la ó ti gbọ́ ọ. Ẹ bi í: láti òdo dé 10, mélòó ni? Bí kò bá mọ nọ́ńbà, ẹ ya ojú mélòó kan síwèé, látorí èyí tó ń rẹ́rìn-ín dórí èyí tó ń sunkún, kó fìka tọ́ ọ. Ti ọmọ ọwọ́, ẹ wo bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tó sì ń ké bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án.

Bẹ́ ẹ kò bá gbà á gbọ́, oògùn á pẹ́. Ẹ fún un ní èyí tí dókítà wọ̀n fún un, ẹ jẹ́ kó mu omi dáadáa, kẹ́ ẹ gbé aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ibi tó ń ro ó. (Àwọn ìyá àgbà wa gbọ́n níbi aṣọ gbígbóná yẹn. Gbẹ́rẹ́ ni n kò fara mọ́, kòkòrò ń gba ojú egbò wọlé.) Yìnyín kò dáa fún un, aspirin kì í ṣe tọmọdé. Bí kò bá rọlẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, tí àyà ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ẹ má torí ìbẹ̀rù pé á di ajòògùnyó kọ morphine, oògùn ìrora tó lágbára. Èyí tí dókítà ń fún un tó sì ń ṣọ́ ọ yàtọ̀ sí ti ìgboro.

Ẹ béèrè nípa oògùn kan tó ń jẹ́ hydroxyurea náà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ó ń dín iye ìgbà tí ìrora ń dé kù, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Ẹni tó wà l'Ékòó lè lọ sí Sickle Cell Foundation Nigeria ní Ìdí-Àràbà, lódìkejì ilé ìwòsàn LUTH.

Tiléèwé ló kù. Ẹ gba lẹ́tà dókítà fún tíṣà: kí ìgò omi wà lórí tábìlì rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó lọ tọ̀ nígbà tó bá fẹ́, kó wọ súwẹ́tà lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n má fi sísáré nínú oòrùn jẹ ẹ́ níyà. Bó bá sì ní ẹsẹ̀ ń ro òun, kí wọ́n pe ilé lójú ẹsẹ̀.