Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀kọ́ Ọnà Bẹ̀rẹ̀ Lágbàlá Agbẹ́gilére

Ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Kò sí ọmọ Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin wa, tí kò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́ ojú náà ní ohun tó ń rí?

Ọmọbìnrin Kétu kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ọnà lọ́dún àkọ́kọ́ wá sílé nígbà ìsinmi. Ó ka oríṣi òpó mẹ́ta tí àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ fi ń kọ́ tẹ́ńpìlì fún wa, ó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, inú wa sì dùn sí i. A wá bi í nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wà nílé bàbá bàbá rẹ̀, igi gbígbẹ́ tí wọ́n ń gbé sórí jó: ta ló gbẹ́ ẹ? Kí ló dé tí ojú tó wà nísàlẹ̀ fi tutù bẹ́ẹ̀, nígbà tí ejò àti ẹyẹ ń jà lórí rẹ̀? Ó ní wọn ò tíì dé ibẹ̀. A yẹ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò títí dé ẹ̀yìn. Kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe ń to ìtàn ọnà fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ọ̀pọ̀ ibi láyé nìyẹn: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ nínú ihò àpáta Lascaux ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n á gba Íjíbítì lọ sí Gíríìsì àti Róòmù, wọ́n á pẹ́ ní Ítálì, wọ́n á sì balẹ̀ sí Paris. Bí Áfíríkà bá yọjú, ó máa ń jẹ́ níbi tí ayàwòrán Picasso ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Paris lọ́dún 1907, tó rí ère Áfíríkà, àfi bí ẹni pé ọjọ́ tí àlejò rí ère ni wọ́n gbẹ́ ère.

Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹ̀kọ́ ọnà ọdún àkọ́kọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga orílẹ̀-èdè Benin, àtìtàn àti iṣẹ́ ọwọ́, bẹ̀rẹ̀ lágbàlá agbẹ́gilére, kí wọ́n sì san owó olùkọ́ fún un. Kì í ṣe ìbẹ̀wò ọjọ́ kan tí wọ́n á ya fọ́tò, tí wọ́n á ra ọtí fún bàbá, tí wọ́n á sì wọkọ̀ lọ. Odidi sáà kan la ń wí.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ọnà lílé ló ṣáájú: àáké ló ń ṣe é, orí á yọ, ọrùn á yọ, kò tíì sí ojú, kò tíì sí ẹnu. Alétúnlé ló tẹ̀ lé e, kí ojú, imú àti etí tó jókòó sí àyè wọn. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí ọ̀bẹ á jẹ́ kí ara igi jọ̀lọ̀. Ìgbà náà ni fínfín ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, irun dídì àti ilà ojú. Bí ọnà lílé bá ti wọ́, kò sí fínfín tó lè tún un ṣe. Ohun tí olùkọ́ àwòrán ń pariwo ojoojúmọ́ fún ọmọ tó fẹ́ fi ìpéǹpéjú bẹ̀rẹ̀ àwòrán rẹ̀ gan-an nìyí.

A ní èdè tí a fi ń dá ẹjọ́ ọnà pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1960, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, rìn káàkiri ìlú Yorùbá, ó ń bi àwọn èèyàn pé èwo nínú ère ló dára, kí sì nìdí. Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú jíjọra, ìfarahàn, gígún, dídán. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń kà á ní Amẹ́ríkà. Ó dùn wá pé ọmọ Kétu lè di ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ yìí láìgbọ́ ọ̀kan nínú wọn ní kíláàsì.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun 26 padà fún Benin nínú èyí tí àwọn ọmọ ogun Dodds, ọ̀gágun Faransé, kó ní ààfin Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, lọ́dún 1892. Ère ọba Glele wà lára wọn, èèyàn tó ní orí kìnnìún. Sossa Dédé ni wọ́n ń pe ẹni tó gbẹ́ ẹ. Nígbà ayé Glele náà ni ogun Dàhòmì pa Kétu run, lọ́dún 1886. Ọmọ Àgbómẹ̀ àti ọmọ Kétu tó dúró níwájú kìnnìún yẹn, ère kan náà ni wọ́n ń wò, ohun ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rí. Kí olùkọ́ mú àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n sọ ọ́ fún ara wọn. A ò mọ ohun tó tún yẹ kó ṣáájú ìyẹn nínú ìtàn ọnà.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọmọ wa á rẹ̀yìn bó bá dókè òkun. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má kọ́ ti Ítálì. Ṣùgbọ́n Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́dún 1962, ike epo bẹntiróòlù ló fi ń ṣe ojú bí ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó sì gba ẹ̀bùn níbi àfihàn ọnà ní Kassel ní Jámánì lọ́dún 2007. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tún wà lára ohun tí Benin gbé lọ sí àfihàn ọnà àgbáyé ní Venice lọ́dún 2024.

Wọ́n á ní agbẹ́gilére ò ní ìwé ẹ̀rí. Kí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ gíga ṣe òfin tó máa ka ọdún tó lò lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ sí ìwé ẹ̀rí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú agbẹ́gilére kan, kí ó kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ àti ère tó ti gbẹ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa ló wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun tí kò ní orúkọ kankan lára ju “Yorùbá” lọ. Kí wọ́n sì jẹ́ kí bàbá fi Yorùbá kọ́ wọn. Ẹni tí kò bá gbọ́, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ fún un, bí a ti ń túmọ̀ Faransé fún àwọn ìyá wa nílé ìwòsàn.