Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀

Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ò lè gbé epo sọ̀kalẹ̀ látorí àjà, tí ò bá sẹ́ni tó máa nawọ́ gbà á nísàlẹ̀, olè ọ̀hún á kàn jókòó tì í lókè ni. Mo rò ó títí, ọ̀rọ̀ àwọn òṣèlú Amẹ́ríkà tó ń fi owó kámpéènì jayé ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni tó gbé e nìkan la máa ń bú, a kì í wo ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ẹ wo Duncan Hunter, aṣòfin tẹ́lẹ̀ láti California nínú Republican, ẹgbẹ́ Trump. Òfin wọn sọ ọ́ gbangba pé owó táwọn èèyàn dá fún ìbò, ti ìbò ni, ìnáwó téèyàn máa ná bó díje bí ò díje kò gbọ́dọ̀ tinú ẹ̀ jáde. Òun àtìyàwó ẹ̀ fi san owó iléèwé ọmọ, wọ́n fi gbafẹ́ lọ sí Ítálì, wọ́n tún fi san owó bàálù fún ehoro tí wọ́n ń sìn nílé, ehoro o! Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní August 2018, ó ní àwọn ọ̀tá ló ń lépa òun, ó tún fẹ́ ti ẹjọ́ sí ìyàwó lọ́rùn, àwọn ará àdúgbò ẹ̀ sì tún dìbò yàn án padà ní November ọdún yẹn. Èyí dùn mí ju ti ehoro lọ, torí ọwọ́ àkọ́kọ́ tó gba epo nìyẹn. Ó gbà fúnra ẹ̀ ní December 2019 pé òun jẹ̀bi, kóòtù ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù 11, kó tó wọ ẹ̀wọ̀n ni Trump ti dárí jì í ní December 2020.

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn. George Santos ti New York ńkọ́? Àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lé e jáde nílé aṣòfin ní December 2023, ó lo káàdì àwọn tó dá owó fún un láì gbàṣẹ, adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù 87 ní April 2025. July ló wọ ẹ̀wọ̀n, kò tíì lo oṣù 3 níbẹ̀ tí Trump fi ní kó máa lọ sílé ní October, owó tó tó 370,000 dọ́là tó yẹ kó san padà náà sì wọlẹ̀. Ara ìdí tí ààrẹ sọ ni pé gbogbo ìgbà ni Santos máa ń dìbò fún Republican. Ìyẹn ló ń bí mi nínú, torí wọ́n ti sọ ìdáríjì di èrè ẹgbẹ́.

Ẹlòmíì á ní Biden náà dárí ji ọmọ ẹ̀ ní December 2024. Òótọ́ ni, mi ò sì gbè é. Àmọ́ Jesse Jackson Jr., aṣòfin tẹ́lẹ̀ nínú Democrat, ẹgbẹ́ Biden, ná nǹkan bí 750,000 dọ́là owó kámpéènì sórí ara ẹ̀, ní 2013 wọ́n fún un lóṣù 30, ó sì lọ ṣe é, ìyàwó ẹ̀ náà lọ. Ó ṣeé ṣe nígbà yẹn kẹ́ni tó ṣẹ̀ jìyà ẹ̀.

Àjọ tó ń ṣọ́ owó yìí, FEC, èèyàn 6 ló yẹ kó wà níbẹ̀, àwọn 4 gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó lè fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, ní 2025 àwọn tó kù ò tiẹ̀ pé 4 mọ́. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá owó fún wọn, ẹ má retí àjọ. Àkọsílẹ̀ ìnáwó wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó dáwó lẹ́ẹ̀kejì, tọ́wọ́ bá sì tẹ ẹni yín, ẹ má jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa pariwo pé ọ̀tá ni, ẹ bi olórí ẹgbẹ́ yín bóyá ó máa gbà kí wọ́n dárí jì í kó tó san owó yín padà.