Ojú Switch 2 kò burú tó bẹ́ ẹ ṣe wí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ àyẹ̀wò Switch 2, ẹ̀rọ géèmù Nintendo. Ẹ ní ojú rẹ̀, ìyẹn ohun téèyàn ń rí téèyàn bá tàn án, kò yàtọ̀ sí ti Switch àtijọ́. Lóòótọ́, àwọn géèmù ṣì tò ní ìlà kan láàárín, bí wọ́n ṣe wà láti 2017. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ inú eShop rẹ̀, ìyẹn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ra géèmù lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó. Lórí Switch àkọ́kọ́, téèyàn bá ń fà á lọ sísàlẹ̀, àwòrán á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á máa wọ́ bí ìgbín. Lórí tuntun yìí, bí ìka bá ṣe ń fà á ló ń tẹ̀lé e, wéré! Ìyẹn gan-an ni ìyàtọ̀, ẹ sì fi gbólóhùn kan péré kọjá lórí rẹ̀. Kò dùn mọ́ mi nínú.



Ti àwọ̀ ojú rẹ̀ tẹ́ ẹ ní kò pọ̀ nìkan ni mo gbà pẹ̀lú yín. Funfun àti dúdú, ó parí! Bẹ́ẹ̀ 3DS, ẹ̀rọ géèmù Nintendo àtijọ́, ní oríṣiríṣi ọ̀ṣọ́ ojú tó ní orin tiwọn. Ẹ dákun, kí Nintendo dá a padà fún wa.