Àtúnṣe: Ta Ló Ń San Owó Àyẹ̀wò Kọnkéré?

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ẹni tó gbé iṣẹ́ ilé síta ló gbọ́dọ̀ san gbogbo owó àyẹ̀wò kọnkéré, kódà bí kọnkéré náà kò bá lágbára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ ìkọ́lé tí FIDIC (àjọ àgbáyé àwọn ẹnjiníà olùdámọ̀ràn) gbé jáde ní ọdún 1999, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìwé Pupa, abala 7.4 ní kí agbaṣẹ́ṣe pèsè ohun tí àyẹ̀wò inú àdéhùn nílò. Bí ẹnjiníà bá pàṣẹ àfikún àyẹ̀wò, tí iṣẹ́ náà kò sì bá àdéhùn mu, agbaṣẹ́ṣe ni yóò ru ìnáwó rẹ̀, èyí tó tọ́ lójú tèmi. Àdéhùn máa ń yàtọ̀ síra. Nítorí náà, kí ẹ tó bu ọwọ́ lu tiyín, ẹ ka abala àyẹ̀wò àti ìwé ìdíyelé iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.