Orúkọ ẹ̀dá-ìtàn kì í ṣe ẹ̀rí ìwà rẹ̀

"Ta ló sọ ọ́ lórúkọ?"

Ìbéèrè tí ìyá mi àgbà bi mí nìyẹn, lọ́jọ́ tí mo ka ìtàn kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sí wọn létí nílé wa ní Ìlọrin. Ìtàn obìnrin amọ̀kòkò kan ní àdúgbò Òkèlele ni. Obìnrin náà fara balẹ̀ púpọ̀. Bí ìkòkò mẹ́wàá bá là mọ́ ọn nínú iná, yóò ṣa àpáàdì rẹ̀ dànù, yóò tún lọ po amọ̀ mìíràn. Mo wá sọ ọ́ ní Sùúrù. Inú mi dùn sí orúkọ yẹn gan-an, mo gbà pé kò sí èyí tó tún lè bá a mu jù ú lọ.

Tẹ̀súbáà ni ìyá àgbà ń fà lọ́wọ́. Wọ́n dá a dúró. "Ta ló sọ ọ́ ní Sùúrù? Lọ́jọ́ kẹjọ tí ojú rẹ̀ kò tíì ríran dáadáa, wọ́n ti mọ̀ pé kò ní í máa bínú?"

N kò rí èsì fọ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà náà ni ọ̀pọ̀ wa tó ń kọ ìtàn àti eré ṣì gbà gbọ́ títí dòní: pé orúkọ tó yẹ ẹ̀dá-ìtàn ni èyí tó bá ti sọ ìwà rẹ̀ fún òǹkàwé. Ọlọ́gbọ́n a jẹ́ Ọgbọ́n-ún-tó, òṣìkà a jẹ́ Ìkà, alágàbàgebè náà a sì ní orúkọ tirẹ̀ tí a ó fi dá a mọ̀ kó tó la ẹnu. Bí ẹ bá bi wá léèrè ìdí, òwe ló yá lẹ́nu wa: orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyá wo ló gbé ọmọ fún oṣù mẹ́sàn-án, tó rọbí, tó wá ní kí wọ́n máa pè é ní Ìkà?

Òwe mìíràn wà tí a kì í rántí bí a bá mú bírò: ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ni wọ́n wò. Ọmọ náà kò tíì hùwà kankan tí ẹnikẹ́ni lè wò. Nítorí náà, àwọn tó sọ ọmọ lórúkọ ni orúkọ náà ń ròyìn, àti ohun tó ń lọ nínú ilé lọ́jọ́ náà.

Ẹ wo Kòkúmọ́. Ó lè jẹ́ ọ̀lẹ, ó lè jẹ́ akíkanjú, ó lè jẹ́ ẹni tí kì í san gbèsè. Orúkọ rẹ̀ kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹkún ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọ tí wọ́n ti sin ṣáájú rẹ̀. Ìgè mú ẹsẹ̀ wáyé, Àjàyí dojú délẹ̀, Òjó gbé ìwọ́ kọ́rùn: ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìyá wọn ni wọ́n ń sọ fún wa. Bí ẹ bá kọjá sí ìhà Ìgbómìnà, ní Ọmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo, tí ẹ sì gbọ́ Ọ̀jẹ́wálé, ilé eégún lẹ gbọ́ yẹn. Fátóyìnbó, ilé Ifá. Àyàntúndé, ilé onílù, ìbáà jẹ́ pé Àyàntúndé fúnra rẹ̀ kò mọ ìlù lù rárá, tó jẹ́ pé mọ́tò ló ń tún ṣe.

Àwa tí a jẹ́ Mùsùlùmí ní Ìlọrin ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé jù. Àmínù túmọ̀ sí ẹni tó ṣe é fọkàn tán. Sàdíìkù, olóòótọ́. Mélòó nínú wa ni kò tíì pàdé Àmínù kan tó kó owó àjọ sá lọ? Àdúrà ni bàbá rẹ̀ fi orúkọ náà gbà fún un. Bóyá àdúrà náà gbà tàbí kò gbà, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà! Bí ẹ bá sọ gbájú-ẹ̀ yín ní Àmínù, tí ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ arúgbó máa pe orúkọ yẹn pẹ̀lú ìfẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò dun òǹkàwé dé egungun. Ẹ sọ ọ́ ní Olè, kò sí ohun tí yóò dùn ún.

Ìtàn àwọn baba wa náà jẹ́rìí sí i. Gbogbo ayé ló ń sọ̀rọ̀ ìkà Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874. Níbo ni ìkà wà nínú Ẹfúnṣetán? Ẹfun Ọbàtálá ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ilé olórìṣà ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Aníwúrà ló sọ nípa òun fúnra rẹ̀, nítorí ó lówó, ọrọ̀ rẹ̀ ló sì fa ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Shehu Àlímì tiwa níbí. Sálíhù ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àlímì, onímọ̀, ìmọ̀ rẹ̀ ló so èyí mọ́ ọn lára, òun ló sì borí Sálíhù títí dòní. Orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọ̀kan láti ilé, ọ̀kan láti ọwọ́ ẹni. Àṣìṣe wa ni pé a máa ń fi èkejì sọ ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dárúkọ Fágúnwà fún mi. Òótọ́ ni, nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1938, Ìmọ̀dòye gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ mọ orin kọ, Ẹ̀gbin sì rí bí orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú igbó irúnmọlẹ̀ ni wọ́n wà. Ìtàn àròsọ tó ń fi ìwà ṣe ènìyàn láti kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìtàn tèmi, Òkèlele ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ní agbolé tí wọ́n ti wá.

Ìdòwú nìkan ni mo lè gbà fún yín díẹ̀, nítorí a ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì máa ń le. Síbẹ̀, ohun tí aráyé ń retí lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ Ìdòwú kan tó tutù bí omi àmù, tí gbogbo ilé sì ń ṣọ́ ọ lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀. Èmi ì bá fẹ́ ka ìtàn yẹn.

Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ sọ ẹ̀dá-ìtàn lórúkọ báyìí, àwọn òbí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá. Agbolé wo ni? Ọdún wo ni wọ́n bí i? Orúkọ a máa ní ìgbà. Alájì tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Jímọ̀ tàbí Làmídì ló máa jẹ́, nítorí ẹnu Ìlọrin a máa tẹ orúkọ Lárúbáwá títí yóò fi di tiwa: Ibrahim di Bùráímọ̀, Zulkarnaini di Súlù, bí a ṣe ń pe ọba wa tó wà lórí ìtẹ́ láti 1959 títí di 1992 ní Súlù Gàmbàrí. Àwọn ọmọ-ọmọ alájì yẹn ló ń jẹ́ Fawaz àti Fareedah, tí wọ́n ń kọ ọ́ bí Lárúbáwá ṣe kọ ọ́. Bí ẹ bá sọ bàbá àgbà ní Fawaz, òǹkàwé Ìlọrin yóò ti mọ̀ pé ẹ kò mọ bàbá náà.

Ìyá àgbà ló bá mi tún ti amọ̀kòkò mi ṣe. Wọ́n ní kí ó máa jẹ́ Ràmọ́tà, orúkọ tí àfáà pè sí i létí, àti Àbẹ̀kẹ́, oríkì rẹ̀. Lẹ́yìn tó bímọ, àdúgbò sọ ọ́ di Ìyá Sàká. Àwọn tó ń ra ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Alámọ̀. Òun náà, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, kò gbọdọ̀ pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún méjì, nítorí náà ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Eyínfúnjowó, nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Bí Sùúrù tí mo fẹ́ràn yẹn bá fẹ́ wọ inú ìtàn náà rárá, ẹnu irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ ló lè ti jáde, ẹni tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Mo tún ìtàn náà kọ. Mo tún lọ jókòó tì wọ́n, mo kà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ ni ọkọ rẹ̀ ń pè é, ní òwúrọ̀, lórí oúnjẹ, nígbà tó ń bá a gbé igi tí wọ́n fi ń sun ìkòkò. N kò sọ ọ̀rọ̀ ìjà kankan. Nígbà tí mo dé ojú ìwé kẹfà, ọkọ náà wọlé lálẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ràmọ́tà."

Ìyá àgbà gbé ojú sókè. "Kí ló gbọ́ níta?"